Wọ́n lé ọmọbìnrin ilé jáde nílé ìyá rẹ̀: ta ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn onílẹ̀ Kánádà?

Àbẹ̀kẹ́_Winnipeg

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà ní Kánádà ló ń bá àwọn onílẹ̀ ibí ṣiṣẹ́, ìyẹn àwọn tó ti ń gbé ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé. À ń tọ́jú wọn ní ọsibítù, a jọ ń gbé àdúgbò kan náà, ṣùgbọ́n ohun tí òyìnbó fi ojú wọn rí nìkan la máa ń sọ. Èyí tí wọ́n ń fi ojú ara wọn rí, a kì í mẹ́nu bà á. Òun ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Obìnrin kan wà tá a jọ máa ń ṣiṣẹ́ òru, ọmọ Anishinaabe ni, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀. Òyìnbó ni ìyá rẹ̀ fẹ́ láyé ìgbà tí òfin àtijọ́ ṣì múlẹ̀, ni ìjọba bá fa orúkọ ìyá náà yọ kúrò nínú ìwé àwọn onílẹ̀. Nígbà tí òfin yí padà ní 1985, wọ́n dá orúkọ ìyá padà, wọ́n sì kọ ti ọmọ mọ́ ọn. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kú, ó sì wakọ̀ lọ sí ìlú fún ìsìnkú. Nígbà tí wọ́n sin òkú tán, wọ́n ń bu oúnjẹ nínú gbọ̀ngàn ìlú: ìrẹsì inú adágún tí àwọn Anishinaabe máa ń kórè, pẹ̀lú búrẹ́dì tí wọ́n ń pè ní bannock. Ó tò sórí ìlà bíi tàwọn yòókù. Ọmọ olóògbé gan-an, ẹni tí wọ́n jọ sunkún láàárọ̀ ọjọ́ náà, ló bá sọ ọ́ sókè pé kí àwọn C-31 jẹ́ kí àwọn ọmọ ìlú kọ́kọ́ bu tiwọn. Kò sẹ́ni tó fèsì. Ó rọra gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ lé orí tábìlì, ó sì jáde lọ síbi ọkọ̀ rẹ̀.

C-31 ni nọ́ńbà òfin 1985 yẹn. Wọ́n ti sọ ọ́ di èébú.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀. Láti 1869 ni ìjọba Kánádà ti ṣe é lófin pé obìnrin onílẹ̀ tó bá fẹ́ ọkùnrin tí kì í ṣe onílẹ̀, òun náà kì í ṣe onílẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tó bá bí fún un. Wọ́n kó o wọ inú òfin ńlá tí wọ́n ń pè ní Indian Act ní 1876, wọ́n sì tún un tẹnu mọ́ ní 1951. Ọkùnrin onílẹ̀ ńkọ́? Bó bá fẹ́ òyìnbó, nǹkan kan ò ṣe é. Kódà ìyàwó òyìnbó náà á di onílẹ̀ lójú òfin, á sì lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé orí ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wọn, tí wọ́n ń pè ní reserve. Àmọ́ obìnrin tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, kò lè ní ilé níbẹ̀ mọ́, kò lè dá sí ìbò ìlú, wọ́n sì lè ní kí wọ́n má sin òkú rẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé ẹni tó sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ yẹn, ṣé ìwà tirẹ̀ ni, àbí òfin 1869 ló ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀?

Bàbá_Ìbejì (Ìbàdàn)

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n má fi òfin bo èèyàn láṣìírí. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Òfin ti yí padà láti 1985, ogójì ọdún ti kọjá. Òyìnbó kọ́ ló dúró sídìí ìkòkò lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Níbikíbi tí nǹkan tí wọ́n ń pín kò bá ti tó, ará ilé ni wọ́n máa kọ́kọ́ tì síta. Èmi ò rí ohun tí 1869 ń wá níbẹ̀.

Adéọlá_Châteauguay

Bàbá, ẹ má bínú, 1869 wà níbẹ̀ dáadáa. Ìlú tí mò ń gbé lẹ́bàá Montréal, àwọn Mohawk, ẹ̀yà onílẹ̀ kan, tó wà ní ìlú Kahnawake ló múlé tì wá. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Láàárín àwọn Mohawk, ìyá ni ọmọ ń bá lọ. Bí ìyá rẹ bá jẹ́ ará agbo ilé Béárì, tàbí Ìkookò, tàbí Ìjàpá, ibẹ̀ nìwọ náà wà. Àwọn ìyá àgbà ló ń yan ọkùnrin tó máa joyè, àwọn náà ló sì lè rọ̀ ọ́ lóyè bó bá ṣìwà hù. Orí irú àwọn èèyàn báyìí ni ìjọba gbé òfin lé pé ọkọ ni obìnrin ń bá lọ, àti pé obìnrin tó bá fẹ́ àjèjì ti jáde kúrò nínú ìran rẹ̀. Wọ́n dojú ilé náà dé. Nígbà tí ìran mẹ́ta mẹ́rin ti dàgbà sábẹ́ òfin yẹn, àwọn kan wá ń gbèjà rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ baba ńlá wọn ni wọ́n ti gbà á.

Ẹ wo Mary Two-Axe Earley. Kahnawake ni wọ́n bí i sí ní 1911. Ó lọ sí Brooklyn, ó fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kan níbẹ̀, bí orúkọ rẹ̀ ṣe kúrò nínú ìwé nìyẹn. Ní 1966, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí irú ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀ sí kú sí i lọ́wọ́, ó sì gbà pé ìrora ọ̀ràn náà ló pa á. Láti ìgbà yẹn ló ti ń kó àwọn obìnrin jọ. Ní 1975, ó wà ní Mẹ́síkò níbi ìpàdé àwọn obìnrin àgbáyé, ibẹ̀ ni ìròyìn ti bá a pé wọ́n ti kọ̀wé kó jáde nínú ilé rẹ̀. Ìjọba Kánádà kọ́ ló kọ lẹ́tà náà o. Ìgbìmọ̀ ìlú rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní July 5, 1985, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ìjọba dá orúkọ rẹ̀ padà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà yẹn.

Ìjà ò tíì parí síbẹ̀. Láti 1981 ni Kahnawake ti ṣe òfin tiwọn pé ẹni tó bá fẹ́ ẹni tí kì í ṣe onílẹ̀, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, kó lọ máa gbé ìta. Ní 2010, ìgbìmọ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn kan pé kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ọ̀kan lára àwọn tó pe ẹjọ́ nítorí òfin yìí ni Waneek Horn-Miller. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló wà nígbà tí sójà Kánádà gún un ní bẹ́nẹ́ẹ̀tì láyà nígbà rògbòdìyàn Oka ní 1990, níbi tí àwọn Mohawk ti ń dáàbò bo ilẹ̀ wọn. Ó wá dàgbà, ó di ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ tó ṣojú Kánádà nínú eré bọ́ọ̀lù inú omi níbi Òlíńpíìkì Sydney ní 2000. Ẹni tó gba ọ̀bẹ láyà nítorí ilẹ̀ Mohawk, òun ni wọ́n ń sọ fún pé nítorí ọkọ tó fẹ́, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé orí ilẹ̀ Mohawk. Ní 2018, Ilé-ẹjọ́ Gíga Quebec dá òun àti àwọn tó kù láre.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ mọ́ Kahnawake. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà omi ńlá fún ọkọ̀ òkun láwọn ọdún 1950, etí odò Kahnawake ni wọ́n gbà. Àwọn tó ń fi odò jẹun jí lọ́jọ́ kan, wọn ò rí odò mọ́. Gbogbo àyíká wọn ti di ìlú òyìnbó, títí kan èyí tí èmi ń gbé. Ẹni tí wọ́n ti gba tọwọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó bá rí ẹni tuntun lẹ́nu ọ̀nà, àyà rẹ̀ á já. Àyà tó já yẹn ni wọ́n wá ń fi kan ọmọ wọn.

Ìyá_Tóbi (Àkúrẹ́)

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí léegun. Nílẹ̀ wa, bí ilé ọkọ ò bá rọgbọ, obìnrin á kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀. Wọ́n lè máa pè é ní dálémosú lẹ́yìn, àwọn ìyàwó ilé lè máa yínmú sí i, ṣùgbọ́n yàrá wà fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sin bàbá rẹ̀, àárín àwọn ọmọ osú ló máa dúró sí, kò sẹ́ni tó máa ní kó sún sẹ́yìn nídìí oúnjẹ. Kí wá ni obìnrin ṣe tí wọ́n á fi sọ pé kò nílé bàbá, kò nílé ìyá?

Àwọn ọkùnrin wọn ńkọ́? Àwọn tó ń ṣe olórí ẹgbẹ́ tó ń bá òyìnbó jà, kí ni wọ́n sọ nígbà tí àwọn obìnrin yìí ń ké?

Àbẹ̀kẹ́_Winnipeg

Mọ̀mí, ibi tó dùn mí jù lẹ fọwọ́ kàn yẹn.

Obìnrin méjì ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Kánádà. Ọ̀kan ni Jeannette Corbiere Lavell, ọmọ Anishinaabe láti Wikwemikong lórí erékùṣù Manitoulin, tó fẹ́ òyìnbó ní 1970. Èkejì ni Yvonne Bedard, ọmọ Six Nations ní Ontario. Ìgbéyàwó Bedard ti tú ká, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sínú ilé tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un nínú ìwé ogún. Ìgbìmọ̀ ìlú ní kó jáde níbẹ̀. Ilé ìyá rẹ̀ o!

Lọ́dún 1973, adájọ́ márùn-ún dúró ti ìjọba, mẹ́rin dúró ti àwọn obìnrin náà, wọ́n sì pàdánù. Ẹgbẹ́ tó tóbi jù láàárín àwọn onílẹ̀ nígbà yẹn, National Indian Brotherhood, lọ sí kóòtù, ẹ̀yìn ìjọba ni wọ́n sì dúró sí. Wọ́n lòdì sí àwọn ọmọbìnrin ara wọn.

Bó ṣe burú tó yìí, ìdí tí wọ́n fi ṣe é hàn. Ọdún mẹ́rin ṣáájú, ní 1969, ìjọba Pierre Trudeau gbé ètò kan jáde pé kí wọ́n pa Indian Act rẹ́ pátápátá, kí onílẹ̀ di ọmọ Kánádà bí ẹnikẹ́ni. Àwọn onílẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ àti àdéhùn wọn máa bá a lọ, wọ́n sì jà títí ìjọba fi gbé ètò náà jùnù. Nígbà tí ẹjọ́ Lavell dé, ẹ̀rù bà wọ́n pé bí kóòtù bá gé ẹyọ kan kúrò nínú òfin yẹn, gbogbo rẹ̀ lè wó. Wọ́n wá fi àwọn obìnrin ṣe ohun ìrúbọ kí ilé má bàa wó. Ìyẹn ni mi ò lè gbà fún wọn. Ẹ̀rù wọn tọ́. Ẹni tí wọ́n ní kó san owó ẹ̀rù náà ni kò tọ́.

Ẹ tún gbọ́ ti Tobique, ìlú àwọn Maliseet ní New Brunswick. Nígbà yẹn, orúkọ ọkọ nìkan ló máa ń wà lórí ìwé ilé níbẹ̀, ọkọ lè ti ìyàwó àtọmọ síta lóru, kò sí ibi tó máa fẹjọ́ sùn. Ní 1977, àwọn obìnrin wọnú ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n ní àwọn ò ní jáde. Ará ìlú kan náà ló ń halẹ̀ mọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Sandra Lovelace, fẹ́ sójà Amẹ́ríkà, ìgbéyàwó tú ká, ó padà wálé, wọ́n ní kò sí ilé fún un. Inú àgọ́ lòun àti ọmọ rẹ̀ ń sùn. Ní July 1979, àwọn obìnrin àtọmọdé fẹsẹ̀ rìn láti Oka dé Ottawa, ìrìn nǹkan bí 160 kìlómítà. Lovelace sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní 1981, wọ́n ní Kánádà jẹ̀bi, torí pé ó gba ẹ̀tọ́ láti máa bá àwọn èèyàn rẹ̀ gbé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtìjú yẹn wà lára ohun tó bí òfin 1985. Lovelace di sẹ́nétọ̀ ní 2005.

Káyọ̀dé_Edmonton

Kí n fi ti Alberta níbí kún un, torí Bàbá ní nǹkan ìpín ló ń fa ìjà. Ó fa á lóòótọ́. Sawridge jẹ́ ìlú kékeré tó wà lẹ́bàá Slave Lake, epo rọ̀bì wà lábẹ́ ilẹ̀ wọn, wọ́n lówó. Bí òfin 1985 ṣe jáde báyìí, àwọn àtàwọn ìlú mìíràn gbé ìjọba lọ sí kóòtù ní 1986, pé ìjọba ò lè bá àwọn yan ọmọ ìlú. Walter Twinn ló jẹ́ olórí wọn, tóun náà di sẹ́nétọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹjọ́ yẹn fà títí. Twinn kú ní 1997, ẹjọ́ ò tíì parí. Ọdún 2003 ni adájọ́ tó pàṣẹ pé kí wọ́n kọ orúkọ àwọn obìnrin náà sínú ìwé ìlú. Ọdún méjìdínlógún ti kọjá lórí òfin tó ní kí wọ́n gbà wọ́n. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọgọ́ta ọdún nígbà tí òfin jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rin.

Àbẹ̀kẹ́_Winnipeg

Káyọ̀dé, o ṣeun. Níbi tí epo ò sí, ìṣẹ́ ló ń fa tiwọn. Ó lé ní 100,000 èèyàn tó gba orúkọ wọn padà lábẹ́ òfin yẹn, ìjọba ò sì fi ilẹ̀ àti ilé tó máa gbà wọ́n kún un bó ṣe yẹ. Ìdílé mẹ́ta ti ń sùn nínú ilé kan tí ara ògiri rẹ̀ ti hu, wọ́n ti ń dúró de ilé ìgbìmọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnì kan wá ti ìlú ńlá dé, ó ní òun náà ń bọ̀ lórí ìlà. Ó yé mi bí ọ̀rọ̀ burúkú ṣe ń jáde. Ìjọba tó yọ àwọn obìnrin yìí ò sí ní gbọ̀ngàn kí wọ́n bá a wí. Obìnrin náà ló wà níbẹ̀.

Adìgún_Tulsa

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ní Oklahoma tí mo wà, tiwa tún kan àwọn tó jọ wá láwọ̀. Kí wọ́n tó lé àwọn Cherokee, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, kúrò ní Georgia àti àyíká rẹ̀ ní 1838, àwọn olówó inú wọn ti ń ra ẹrú dúdú. Nígbà tí sójà ń dà wọ́n lọ sí ìwọ̀ oòrùn, tí ọ̀pọ̀ ń kú lójú ọ̀nà, àwọn ẹrú náà wà nínú ìrìn yẹn, wọ́n ń gbé ẹrù, wọ́n ń kú níbẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, Cherokee bá ìjọba ṣe àdéhùn ní 1866 pé àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ àti àtọmọdọ́mọ wọn ní gbogbo ẹ̀tọ́ tí ọmọ Cherokee ní. Freedmen ni wọ́n ń pè wọ́n.

Nígbà tó fi máa di òpin ọ̀rúndún yẹn, ìgbìmọ̀ Dawes láti Washington wá kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè fọ́ ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Lára àwọn ìwé tí wọ́n ṣí, ọ̀kan wà fún àwọn tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ Cherokee wà lára wọn, ọ̀kan wà fún Freedmen. Bí akọ̀wé bá ti rí i pé o dúdú, ìwé Freedmen ló ń kọ ọ́ sí, ì báà jẹ́ pé ọmọ Cherokee ni ìyá rẹ. Kò kọ iye ẹ̀jẹ̀ kankan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ.

Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ìwé akọ̀wé yẹn ni wọ́n fi yọ wọ́n. Ní March 2007, Cherokee dìbò, nǹkan bí ìdá mẹ́tàdínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹni tí kò bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú ìwé Dawes kì í ṣe ọmọ ìlú. Marilyn Vann àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti wà ní kóòtù ṣáájú ìgbà yẹn. Ọdún 2017 ni adájọ́ Thomas Hogan ní Washington tó sọ pé àdéhùn 1866 ṣì múlẹ̀. Ní 2021, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Cherokee fúnra rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yọ kúrò nínú òfin ìlú. Ní July 2025, kóòtù àwọn Muscogee, ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn ní Oklahoma, náà dájọ́ pé àtọmọdọ́mọ Freedmen tiwọn lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé ọmọ ìlú. Àmọ́ lọ́dún 2021 kan náà, àwọn Freedmen kan láàárín àwọn Seminole Oklahoma, ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn, lọ gba abẹ́rẹ́ kòrónà ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà fún àwọn onílẹ̀, wọ́n dá wọn padà. Káàdì wọn ò ní ẹ̀jẹ̀ lára.

Ṣadé_Peckham

Ẹ̀gbọ́n Adìgún, àwọn tí sójà lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn yẹn náà ló tún wá ń lé àwọn tí wọ́n jọ rìn?

Adìgún_Tulsa

Àwọn náà ni, àbúrò. Àwọn Cherokee tó dúró ti Freedmen láti ìbẹ̀rẹ̀ wà o, wọ́n sì jìyà rẹ̀ láàárín àwọn èèyàn wọn. Kí á má da gbogbo wọn pọ̀.

Túndé_Perth

Ní Ọsirélíà, ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Lọ́dún 2011, Mick Gooda, ọmọ onílẹ̀ tó wà nípò kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́ òdodo fún àwọn onílẹ̀ nígbà yẹn, fi ọ̀pọ̀ nínú ìròyìn ọdọọdún rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ń ṣe ara wọn léṣe: òfófó, ìbanilórúkọjẹ́, títini síta, ìkọlù nínú ẹbí. Àwọn kan bẹ̀rù pé òyìnbó máa fi bú wọn. Ó sọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀.

Ẹ wo ọ̀nà tí òfin ilẹ̀ ń gbà dá ìjà sílẹ̀. Òfin 1993 ní ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ baba rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìdílé òun ò yéé mú àṣà ibẹ̀ dání láti ìgbà tí òyìnbó ti dé. Ìjọba tó tú wọn ká ló ń ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá pé wọn ò tú ká. Ìdílé méjì á wá kojú ara wọn: bàbá àgbà tèmi ló ń gbé etí odò yìí, tìẹ ìta ló ti wá. Ilé iṣẹ́ tó ń wa irin jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń dúró de ẹni tó máa bá fọwọ́ síwèé.

Ó burú jù fún àwọn ọmọ tí ìjọba jí gbé lọ́wọ́ òbí wọn, látìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún títí di àwọn ọdún 1970. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ìwé pé onílẹ̀ ni wọ́n, ara ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí àwọn ará ìlú jẹ́rìí pé àwọn mọ̀ wọ́n. Ẹni tí wọ́n gbé lọ ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ta ló máa mọ̀ ọ́n?

Bàbá_Ìbejì (Ìbàdàn)

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ ṣeun. Òfin wà níbẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ ní kò sẹ́ni tó fèsì ní gbọ̀ngàn yẹn. Àwọn àgbà wà níbẹ̀. Òkú àbúrò wọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Òfin wo ló di ẹnu wọn? Àwa náà rí i ní Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Wọ́n ní ìjọba gbé olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ síbí, ó gbé e sọ́hùn-ún, lóòótọ́ ni. Síbẹ̀ ẹni tó mú iná lọ sílé aládùúgbò rẹ̀ ló mú un lọ.

Ọmọ_Modákẹ́kẹ́

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi tiwa sílẹ̀ níbí. Ìlú méjì ni tiwa, ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ àti ààlà ilẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀, kò sì sí ìwé kan ní Abuja tó ń sọ ẹni tó jẹ́ Yorùbá àti ẹni tí kì í ṣe é. Tiwọn, ìjọba ló ni ìwé orúkọ. Ìjọba ló ń kọ ẹ́ sí i, òun náà ló ń pa ẹ́ rẹ́. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Adéọlá_Châteauguay

Kí n fi ẹyọ kan kún un tá a ò tíì sọ. Àwọn tó ń parọ́ pé onílẹ̀ làwọn wà lóòótọ́, pàápàá ní yunifásítì àti nídìí iṣẹ́ ọnà. Wọ́n gba ipò àti ẹ̀bùn owó tó yẹ kó jẹ́ tàwọn onílẹ̀, àṣírí ọ̀pọ̀ wọn sì ti tú láìpẹ́ yìí. Ìfura tó wà nílẹ̀ kì í ṣe asán. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó ń jìyà ìfura náà: opurọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ó wọ ìlẹ̀kẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ obìnrin tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, tí kò gbọ́ èdè torí wọ́n ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbé ìlú, ni wọ́n ń dá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Àbẹ̀kẹ́_Winnipeg

Bàbá Ìbejì, mo dúró pẹ̀lú yín lórí ti àwọn àgbà yẹn. Òfin ló gbé pàṣán lé wọn lọ́wọ́, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń nà. Bí mo bá ní òfin nìkan ló ṣe é, mo ti sọ pé wọn kì í ṣe èèyàn tó lè yàn fúnra rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin Tobique yàn. Inú òfin kan náà ni wọ́n dàgbà sí, ìṣẹ́ kan náà ló ń ṣe wọ́n, wọ́n sì ní rárá.

Ohun tí mi ò fẹ́ kí á sọ ni pé bí wọ́n ṣe rí nìyẹn, pé wọ́n kàn kórìíra ara wọn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, títí kan àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ó dùn mí gidigidi. Bí aláìsàn onílẹ̀ bá dé wọ́ọ̀dù, tí ọmọ rẹ̀ kan ò sì fẹ́ kí èkejì wọlé, ẹ má rò pé ìwà ẹhànnà ni. Ó ṣeé ṣe kí ìwé kan wà láàárín wọn. Ẹ má sì bi wọ́n pé ìdá mélòó lára wọn ló jẹ́ onílẹ̀. Mo mọ nọ́ọ̀sì tó ń bèèrè bẹ́ẹ̀, ó rò pé ọ̀yàyà ni.

Ìyá_Tóbi (Àkúrẹ́)

Ọmọ mi, obìnrin tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn, ó lọ́mọ? Àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú ìwé báyìí, àbí ìran wọn ló máa parí ẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Winnipeg

Mọ̀mí, ibẹ̀ ni ìjà tó kù wà. Òfin 1985 pín wọn sí ìpele méjì. Ìpele kìíní lè fún ọmọ rẹ̀ ní orúkọ, ì báà jẹ́ òyìnbó ni ẹnì kejì. Ìpele kejì ò lè fún un, àfi bí ẹnì kejì náà bá wà nínú ìwé. Ìyá rẹ̀ gba ìpele kìíní, òun gba ìpele kejì, nítorí náà ọmọ rẹ̀ tó bí lẹ́yìn 1985 kò rí nǹkan kan gbà. Ọmọ arákùnrin ìyá rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ fẹ́ òyìnbó lọ́dún kan náà, wà ní ìpele kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tirẹ̀ sì wọlé. Sharon McIvor, lọ́yà obìnrin onílẹ̀ láti British Columbia, pe ẹjọ́ lórí èyí, ó borí, òfin sì yí padà ní 2011. Ìgbà yẹn ni ọmọ obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wọnú ìwé, ní ìpele kejì. Wọ́n tún tún un ṣe ní 2019 láti fi àwọn obìnrin tí wọ́n yọ láti 1869 kún un.

Ọmọ-ọmọ ńkọ́? Ó ti pé ọdún mẹ́fà. Bàbá ọmọ náà ò sí nínú ìwé, ìyá rẹ̀ wà ní ìpele kejì, òfin gé e síbẹ̀. Ó ń wọ gíláàsì. Ìjọba ló ń sanwó gíláàsì ìyá rẹ̀ àti ti ìyá àgbà rẹ̀ lábẹ́ ètò ìlera àwọn onílẹ̀, àpò ara wọn ni wọ́n fi ń ra ti ọmọ. Wọ́n ń kọ̀wé sí sẹ́nétọ̀ wọn lórí rẹ̀ báyìí, obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ náà àti àwọn obìnrin mìíràn láti ìlú ìyá rẹ̀. Obìnrin kan nínú àwọn tó dákẹ́ ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn ti fọwọ́ sí lẹ́tà náà.